Ìfẹ́ kò ní àdéhùn, àpò owó ní

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Oǹdó, ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó dá ọ lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ bá mi níbi tó ti ń dùn mí.

O ní ọkọ rẹ tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ akọrin fi owó tí wọ́n dá fún aṣọ akọrin ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, o dárí jì í, o sì bá a wá lára owó náà. Kò pẹ́, owó ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ náà tún bá tẹ́tẹ́ lọ. Pásítọ̀ yín ní kó jáde síwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú kó kúnlẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní kí o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Ìyá rẹ ń béèrè ìdí tí ọkọ rẹ kò fi kọrin mọ́. O wá bi wá pé ìfẹ́ tí kò ní àdéhùn tí a máa ń wàásù rẹ̀ yìí, ṣé kí o jókòó kí o máa wò ó títí tí yóò fi ná gbogbo yín tán ni?

Àwọn tó ti dá ọ lóhùn ṣáájú mi pín sí méjì. Àwọn kan ní Ọlọ́run ti dárí jì í, kí ìwọ náà gbàgbé, kí o má sọ̀rọ̀ owó mọ́. Àwọn kan ní aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, kí o tètè sá àsálà. N kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn, ohun tí ojú mi rí ló sì fà á.

Àkúrẹ́ ni mo wà, èlùbọ́ ni mo ń tà ní ọjà Ìsìkàn. Tíṣà ni bàbá àwọn ọmọ mi, àwọn ni wọ́n sì ń tọ́jú àpò owó ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ìjọ Áńgílíkà wa fún ọdún gbọọrọ. Àwọn ni gbogbo ìjọ fi ń ṣe àpẹẹrẹ olóòótọ́ nígbà náà. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, owó náà kò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìdànrè ta kòkó gbígbẹ, ó gbé owó wá lálẹ́, wọ́n dá a padà sínú àpò kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. A dúpẹ́ pé Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló fà á, àwọn náà kò sì sọ.

Ìgbà kejì lọ́rọ̀ yí padà. Owó ẹgbẹ́ tó lé ní ₦300,000 ti lọ. Wọ́n tún ti lọ yá owó lórí àwọn áàpù tó ń yáni lówó, wọ́n ní àwọn máa fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́ kí àwọn lè rí owó ẹgbẹ́ dá padà. Ìwọ náà mọ ìṣe àwọn oníáàpù wọ̀nyẹn bí ọjọ́ sísan bá ti kọjá: wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù onígbèsè pé olè ni. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà mi. Ó dé ọ̀dọ̀ fíkà wa, àlùfáà ìjọ, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Wọn ò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kí o fetí sí èyí tó kàn yìí, nítorí n kò rí i nínú ohun tí àwọn yòókù kọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Òwe tí gbogbo wa ń pa láìronú ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pa á lálẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo kó gbogbo oògùn kòkòrò tó wà nínú ilé jáde. Mo pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìdànrè pé kó máa bọ̀ lóru ọjọ́ náà, n kò sì jẹ́ kí wọ́n dá wà títí ó fi dé. Inú ń bí mi o, inú ń bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n mo ní kí ìbínú náà dúró ná. Bí ọkọ rẹ bá ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, má bá a jiyàn owó lálẹ́ ọjọ́ náà, má sì rò pé ó kàn ń wá àánú. Pe ẹbí, má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Pọ́ọ̀lù mọ ewu yìí. Nínú ìwé rẹ̀ kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kejì, ó sọ̀rọ̀ ẹnìkan tí ìjọ ti bá wí. Ó ní ìyà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi jẹ ẹ́ ti tó, kí wọ́n dárí jì í báyìí, kí wọ́n tù ú nínú, kí ìbànújẹ́ má bàa gbé e mì. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí bí ìjọ ṣe ń báni wí. Ìwàásù lórí ìgbà tó yẹ kí ìjọ sọ pé "ó tó" ṣọ̀wọ́n.

Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn wọ́dìn jọ ń tajà ni, nítorí náà kò sí èyí tí n kò gbọ́. Àwọn kan fẹ́ pe ọlọ́pàá. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Fíkà ṣí Ìwé Àdúrà, ti 1662 tí àwa Áńgílíkà jogún, síbi ìlànà tó ṣáájú ìsìn Oúnjẹ Olúwa. Ó wà níbẹ̀ pé kí àlùfáà má gba ẹni tí ìwà búburú rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ìjọ sídìí tábìlì, àfi bó bá fi hàn gbangba pé òun ti ronú pìwà dà, tó sì ti san ohun tó jẹ àwọn tó ṣẹ̀, tàbí, ó kéré tán, tó bá sọ pé òun ti pinnu láti san án ní kété tó bá ti ṣeé ṣe fún òun. Fíkà ní kí wọ́n wo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Àwọn tó ṣe ìwé náà kò fi owó olówó ṣeré, síbẹ̀ wọn kò ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ dúró síta títí yóò fi san kọ́bọ̀ tó kù.

Ibi tí wọ́n fì sí nìyẹn. Wọ́n gba àpò owó lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn bí wọ́n á ṣe máa san án lóṣooṣù, wọ́n buwọ́ lù ú níwájú ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ ní kí bàbá àwọn ọmọ mi má ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìsìn fún sáà kan. Kò sí ọlọ́pàá.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá ní ìjọ wa ṣe dáadáa, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá àwọn ọmọ mi kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá. Nígbà tí ìsìn parí, mo rí fíkà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú kásọ́ọ̀kì wọn, láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ilé wa ní Òkè-Àró, lójú gbogbo àwọn tó ń relé. Wọ́n ní mọ́tò o, wọ́n fi sílẹ̀ ni. Wọ́n jókòó síta, níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí wọn, wọ́n ní, "Màmá, ebi ń pa mí. Kí lẹ sè?" N kò se nǹkan kan. Ta ló lágbára àtisè lọ́jọ́ yẹn? Mo bá kó iṣu sórí iná. Nígbà tí mo gún iyán tán, fíkà nawọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jáde wá o, èmi kì í dá jẹun."

Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Àwọn ìyá kan dúró lódìkejì títì bí ẹni pé wọ́n ń dúró de ọ̀kadà, ọ̀kadà sì ń kọjá lọ níwájú wọn. Fíkà kò dárúkọ owó títí wọ́n fi dìde. Àdúrà pàápàá, wọ́n gbà á ní kúkúrú, ẹni tó bá sì mọ fíkà wa yóò mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó iṣẹ́ ìyanu. Lẹ́yìn ìgbà náà wọ́n wá léraléra.

Kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣú, ó ti kárí pé fíkà ń bá olè jẹun. Lọ ka Lúùkù orí 19, kó o wo bí wọ́n ṣe ráhùn nígbà tí Jésù lọ wọ̀ sílé Sákéù, olórí agbowó òde ní Jẹ́ríkò. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Wá wo bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe tò tẹ̀ léra wọn. Jésù kò dúró nídìí igi kó sọ fún ọkùnrin náà pé, "Lọ dá owó àwọn ènìyàn padà, bí o bá dé, èmi yóò wá jẹun nílé rẹ." Ó ní kó yára sọ̀ kalẹ̀, ilé rẹ̀ ni òun yóò wọ̀ sí lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sákéù fúnra rẹ̀ dìde, tó ní òun fi ìlàjì ohun ìní òun fún tálákà, ẹni tí òun bá sì rẹ́ jẹ, òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Òfin tó wà nínú Léfítíkù orí kẹfà fún ẹni tó bá rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, tó wá jẹ́wọ́, ni pé kó dá ojúlówó owó náà padà, kó sì fi ìdámárùn-ún lé e. Ẹni tí wọ́n ti gbà kó tó san nǹkan kan ló ṣèlérí ju ohun tí òfin béèrè lọ fíìfíì. Àwọn tó ń sọ fún ọ pé oore-ọ̀fẹ́ á jẹ́ kí ọkọ rẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ di eré, ẹ ní kí wọ́n lọ bi Sákéù.

Ohun tí mo rí nínú ilé tèmi bá a mu. Lẹ́yìn oúnjẹ yẹn ni bàbá àwọn ọmọ mi mú bírò, tí wọ́n kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, títí kan àwọn èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Wọ́n ta ọ̀kadà wọn. Wọ́n fún mi ní káàdì tí wọ́n fi ń gbowó ní báńkì láìjẹ́ pé mo béèrè. Wọ́n gbé fóònù ńlá sílẹ̀, wọ́n ra kékeré olójú tọ́ọ̀ṣì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, tí ẹ̀gbọ́n wọn sanwó ní kọ̀rọ̀, èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí kò ṣẹlẹ̀.

Wàyí o, owó ṣọ́ọ̀bù rẹ. Má fi sí ibi tí ọwọ́ ọkọ rẹ lè tó o, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àìdáríjì nìyẹn. Owó ọjà mi, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dá a sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, tààrà sí ilé ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí Ádámù àti Éfà ṣẹ̀, Ọlọ́run lé wọn jáde nínú ọgbà, Ó sì fi kérúbù ṣọ́ ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ó tó lé wọn, Ó ti fi awọ rán aṣọ, Ó sì wọ̀ ọ́ fún wọn. Ẹsẹ 21 ni aṣọ wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta, ẹsẹ 23 ni ìléjáde. Ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra.

Ohun tí kò gbọdọ̀ ní àdéhùn ni ìyókù. N kò fi oúnjẹ dù wọ́n. N kò yí orúkọ tí mo ń pè wọ́n padà. Ọmọ tó fẹ́ fojú di wọ́n nítorí ohun tó gbọ́ níta, èmi ni mo kọ́kọ́ bá a wí. Má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ pé irú ìfẹ́ yìí máa ń dùn lọ́kàn. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo bu oúnjẹ fún wọn tí n kò lè wo ojú wọn. Mo ṣáà bù ú. Róòmù orí karùn-ún ní nígbà tí a jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ka ẹsẹ yẹn bí ẹni ń kọrin. Lẹ́nu ọdún yẹn mo wá rí i pé iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó sì ṣe é kò dúró kí ara rẹ̀ fẹ́ ẹ.

O béèrè nípa ìṣubú ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀. Àbúrò mi, tèmi dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Níbẹ̀rẹ̀ 2024 ni, nígbà tí Nàìjíríà ń bá ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ títí dé àṣekágbá. Gbogbo Àkúrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí. Bàbá àwọn ọmọ mi kó owó fún ẹnìkan pé kó bá àwọn ta tẹ́tẹ́. Owó náà lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n ní, "Mo tún ti ṣe é."

Inú bí mi débi pé mo jáde lọ síta. Nígbà tí mo padà wọlé, mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi." Ọ̀rọ̀ yẹn nira fún mi ju gbogbo owó tí mo ti bá wọn san lọ. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Tẹ́lẹ̀, àwọn oníáàpù ló tú àṣírí lẹ́yìn oṣù pípẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnu wọn ló tú u, lọ́jọ́ kan náà, láìsí ẹni tó béèrè. Tẹ́tẹ́ kò tíì kú nínú wọn, ṣùgbọ́n ìfarapamọ́ ti kú, abẹ́ ìfarapamọ́ ni tẹ́tẹ́ sì ti ń sanra. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ bá fíkà fúnra wọn. Bí Jésù ṣe ṣe pẹ̀lú Pétérù ni fíkà fi gbà wọ́n níyànjú: kí Pétérù tó sẹ́ Ẹ, Jésù ti sọ fún un nínú Lúùkù 22 pé òun ti gbàdúrà fún un, àti pé nígbà tó bá padà, kó mú àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ́kàn le. Kò sọ pé "bí o bá padà". Ó ti sọ ti ìpadàbọ̀ rẹ̀ kó tó ṣubú.

N kò ní tàn ọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí pátápátá. Gbèsè ẹgbẹ́ ti tán. Wọ́n ti ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ìsìn padà. Kò sí ẹni tó dá wọn padà sídìí àpò owó, àwọn náà kò sì béèrè rẹ̀.

Ní ti pásítọ̀ yín, n kò fẹ́ bú àlùfáà Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìkúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ. Mátíù 18 ní ìpele: ìwọ àti òun nìkan, lẹ́yìn náà ẹnìkan tàbí méjì, kó tó di ti ìjọ, bí kò bá gbọ́ ni a sì ń tẹ̀ síwájú. Ọkọ rẹ ti gbọ́, ó sì ti jẹ́wọ́. Àwọn akọrin ló jẹ ní gbèsè. Kó dúró níwájú wọn, kó sọ ohun tó ṣe àti bí yóò ṣe san án, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló kan àwọn ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀? Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ dúró níwájú ìjọ, ìyẹn yàtọ̀. Bí pásítọ̀ bá tẹnu mọ́ ọn, rọra bi wọ́n léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ náà, ta ni yóò wá jẹun nílé yín?

Má bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tọ̀nà lórí owó. Bí ọkọ rẹ bá ń nà ọ́, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọ kí o lè gbówó sílẹ̀, kó àwọn ọmọ rẹ lọ sílé àwọn òbí rẹ lónìí, má dúró gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni níbí. Ènìyàn lè dárí ji ẹlòmíràn láti ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n o kò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí o kọ. Ẹni tó ń sunkún tó sì ń bẹ̀bẹ̀ ni o ṣàpèjúwe, mo sì mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ ńkọ́? Má purọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n má gba ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ọkọ rẹ. Jẹ́ kó lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí kí n tó fi ránṣẹ́, àwọn ló sì ní kí n fi kún un pé bí ojú bá ń ti ọkọ rẹ láti dá lọ, àwọn lè wá sí Oǹdó wá bá a lọ. Ọjọ́ Sátidé ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́.